Ẹ̀rọ Tó Pe Ràfátù ní Òpùrọ́

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bí Ràfátù nínú ló máa mọ̀ pé ìjà kan wà tí wọn kì í là. Òun ló ń wẹ òkú obìnrin fún àwọn Mùsùlùmí àdúgbò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn dá Àmínát, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, wó. Ràfátù gba físà, ó dé pápákọ̀ òfuurufú. Ta ló bá níbi àyẹ̀wò? Ìdrís, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàtà, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé wọn ní Ọ̀fà. Ìdrís mú un jókòó síwájú ẹ̀rọ tuntun kan tó ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá wo ojú èèyàn, tó ní òun mọ ẹni tó ń parọ́.

Ẹ̀rọ náà fi Yorùbá bi í pé, "Ọmọ mélòó lẹ bí?"

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kì í sì í ka tirẹ̀. Méjì nínú àwọn tí Ràfátù bí ti wà nínú ilẹ̀. Ó wolẹ̀, ó gbé itọ́ mì, ó ní, "Ọlọ́run ló ni kíkà." Ni iná pupa bá tàn.

"Ìdrís, ṣàlàyé fún wọn!"

Ìdrís mọ àlàyé náà dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ la máa tẹ̀ lé."

Wọ́n dá a dúró títí bàlúù fi gbéra. Kó tó rí òmíràn wọ̀, Àmínát ti kú, àwọn àjèjì ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti sin ín. Ràfátù gbé ìbínú padà sí Ọ̀fà, ó sì ń bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ àgbò iléyá.

Lọ́dún yìí, ìyá Ìdrís kú lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ìdrís sáré wọlé Ràfátù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá Àmínát, ẹ dákun. Màmá ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wẹ àwọn."

Ràfátù kò dìde. "Òpùrọ́ ni mí, Ìdrís. Ṣé òpùrọ́ ló máa wẹ ìyá ẹ?"

"Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi, mà."

"Kò burú. Lọ gbé ẹ̀rọ náà wá, kó wá wẹ ìyá ẹ."

Ìdrís bú sẹ́kún. Mi ò ní tàn yín, inú Ràfátù dùn dénú. Àwọn obìnrin kan láti Ilemona ni wọ́n lọ bẹ̀ wá. Lẹ́yìn ìrun àìlà ọ̀sán, wọ́n gbé òkú náà kọjá lójú fèrèsé rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n ń gbé lọ yẹn, àti pé ọwọ́ àjèjì ló wẹ̀ ẹ́, bó ṣe wẹ Àmínát. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Síbẹ̀, nígbà tí Ìdrís wá kanlẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, kò ṣí i.