Ọjọ́ Tí A Gba Fóònù Lọ́wọ́ Màmá

Òórùn tùràrí àti ti ọ̀sà ni ó máa ń kún yàrá màmá mi ní Olówógbowó láàárọ̀. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí lórí ẹní ìrun lẹ́yìn àsùbáà, tí yóò gbé fóònù sókè, tí yóò máa pe àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Kánò. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọn méjèèjì péré ló sì kù. Iwájú orí màmá mi nìkan ni àbúrò rẹ̀ máa ń rí nínú fídíò, màmá mi pàápàá kì í rí ju àjà ilé wọn ní Kánò lọ, síbẹ̀ wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Tó bá wá di pé kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí Wáásáàpù, ariwo ni yóò máa pa, àfi bíi pé kí wọ́n gbọ́ ọ ní Kánò láìsí fóònù. Àwa ọmọ a máa fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mọ́ mi gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti dé ọ́fíìsì lọ́yà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Igbosere nígbà tí ọmọ àbúrò màmá yìí pè mí pé ìyá òun ò jí. Wọ́n á sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní, "Ó dáa," mo sì to àwọn fáìlì tó wà níwájú mi tán kí n tó dìde. Omijé ò wá. Ara mi kú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí dókítà eléyín gún lábẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Ìdúmàgbò, àgbà ilé wa, ni mo pè. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é: a kì í fi ẹnu ọmọ túfọ̀ fún àgbà, pàápàá tó bá jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ lọ. Màmá mi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Lọ gba fóònù ọwọ́ ẹ̀ kó tó rí i níbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. "A máa wá bá a lẹ́yìn ìrun Àílà lọ́sàn-án. Má jẹ́ kó gbọ́ o."

Mo délé, mo purọ́ pé mo fẹ́ bá a tún fóònù náà ṣe. Ẹni tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án nà án sí mi, ó ní, "Gbà." Kò bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi sí níbi iṣẹ́. Mo pa fóònù náà, mo fi sínú báàgì mi, mo sì jókòó. A jẹ búrẹ́dì, a mu tíì. Ó ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo ń dá a lóhùn, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn àgbà dé. Bàbá Ìdúmàgbò béèrè omi, ó ṣàdúà, ó sọ̀rọ̀ yí ká títí kó tó wá ní, "Ìyàwó, ṣọkàn gírí. Ọlọ́run ti gba ará Kánò." Màmá mi fa ìborùn bojú, ó ní, "Ínnálílàhí," ó sì sunkún wọ́ọ́rọ́. Wọ́n jókòó tì í títí wọ́n fi kírun Alásárì.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní kí n mú fóònù òun wá. Mo tàn án. Nínú gúrúùpù àwọn alásàlátù tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ wà, ẹnì kan ní Kánò ti fi àwòrán olóògbé àti ìròyìn ikú náà síbẹ̀ láti ìdájí. Ohùn màmá mi ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ kí n tó délé. Mo tẹ̀ ẹ́. Àdúà ni, kò sì pariwo rárá.

"Màmá, ẹ ti mọ̀ láti àárọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ wá ń wò wá tí à ń fi pamọ́ fún yín?"

"Bàbá yín fi ọ̀pá rìn wá láti Ìdúmàgbò. Ṣé kí n ní kí wọ́n padà ni?" Ó nu ojú rẹ̀. "Àbúrò mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n á fi fóònù túfọ̀ ẹ̀."

Títí di òní, mi ò tíì sunkún àbúrò màmá mi bó ṣe yẹ, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹkún náà máa wá. Ṣùgbọ́n mo máa ń rántí ìjókòó wa àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rò pé èmi ni mò ń ṣọ́ ọ, kí ọ̀rọ̀ má baà dé etí rẹ̀. Ó ti rí ojú mi nígbà tí mo wọlé, ó ti mọ ohun tí mo gbé wá. Àṣé òun ló jókòó tì mí.