Ẹsẹ̀ Pákó fún Awò Ọmọ Mi

Ọmọ mi obìnrin wà ní JS2 nígbà tí mo ra awò kan fún un lára ẹrù tòkunbọ̀ ní Ìkòtún, irú èyí tí a fi ń wo ohun tó jìnnà lójú ọ̀run. Tẹlisíkóòpù ni wọ́n ń pè é. Páìpù funfun ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ íńṣì méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò ní ẹsẹ̀. Bí a bá fọwọ́ gbé e, ohun gbogbo tí a ń wò á máa gbọ̀n. Ìwé kékeré kan lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ pé ẹni tó bá fi wo oòrùn lè fọ́jú lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé yẹn. Mo wá sọ fún un pé kò ní fi wo ohunkóhun títí n ó fi kan ẹsẹ̀ sí i.

Aṣọ ni mo ń rán ní Ìgàndó, n kò kan pákó rí. Mo wọn páìpù náà, mo ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí bébà bí mo ṣe máa ń ya búláòsì: pákó méjì ní ẹ̀gbẹ́, ìsàlẹ̀ róbótó tó lè yí. Mo gbé bébà náà lọ bá baba káfíńtà àdúgbò wa.

"Màmá télọ̀, kí lẹ tún fẹ́ rán mọ́ pákó?"

"Ẹ ṣáà bá mi gé e, bàbá. Mo ti wọ̀n ọ́n dáadáa."

"Téèpù aṣọ lẹ fi wọ̀n ọ́n, àbí? Ó dáa. Ẹ má sọ pé mi ò sọ o."

Ó gé e bí mo ṣe kọ ọ́. Nígbà tí mo kàn án pọ̀ níwájú rẹ̀, páìpù náà ń mì lọ́tùn-ún lósì láàárín pákó méjèèjì. Mo tún un wọ̀n: àyè náà fi íńṣì kan gbáko fẹ̀ jù. Mo ti fi ààbọ̀ íńṣì kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àyè tí a máa ń fi sílẹ̀ fún ojú rírán.

Baba káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ẹ wá rán an wọlé nísinsìnyí, ká rí i!"

Mo fi fọ́ọ̀mù àti àjákù jíǹsì dí àyè náà. Páìpù náà kò mì mọ́.

Lọ́sàn-án, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo tì ni awò náà ń wà. Ìrọ̀lẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù, nígbà tí oòrùn bá ti wálẹ̀ tí kò sì tíì wọ̀. Nítorí náà mo kan igi kékeré kan mọ́ ẹsẹ̀ náà, kí ẹnu páìpù má baà lè wálẹ̀ kọjá òkè òrùlé aládùúgbò wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń wá oṣù ààwẹ̀, a gbé e sí ẹ̀yìnkùlé. Ládánì pe ìrun mọ̀gàríbì, èyí tí a ń kí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, a kírun. Ọmọ mi kọjú páìpù sí ìwọ̀ oòrùn, ó tì í sísàlẹ̀, igi mi dá a dúró.

"Màmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ igi yìí. Oṣù tuntun kì í ga."

"Oòrùn lè kù díẹ̀ lẹ́yìn ilé."

"Kí ló kù? A ti kírun tán!"

Mo fi hámà yọ igi náà, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó fojú sí awò náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ wò ó.

"Ṣé ojú tiyín ò lè fọ́ ni?"

Mo ń wá oṣù náà díẹ̀díẹ̀ lókè òrùlé títí mo fi rí i, ó tín-ín-rín bí ìlà ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń ya ọrùn aṣọ. Mo gbàgbé pé ẹnìkan dúró lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo fi máa yẹra fún un, oṣù ti wọ ẹ̀yìn òrùlé.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Má bínú."

"Ó dáa náà." Ó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, bí ládánì ṣe pe ìrun, èso dàbínù kan péré ni ọmọ mi fi ṣínu kó tó jáde. Oṣù ti ga ju ti àná lọ. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó fojú sí awò náà, ó pẹ́ gan-an níbẹ̀, n kò sì sọ fún un pé ó tó.