Ilé Tí Títì Bò

Ibi tí ilé Sùlèímọ́nù bíríkìlà wà rí ní Ìbàfò, títì ló wà níbẹ̀ báyìí. Bíríkìlà náà fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ títì. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, wọn ò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú sàréè náà. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fẹ títì tí katapílà dé, kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló sùn síbẹ̀. Wọ́n ní kí opó Sùlèímọ́nù kó ẹrù rẹ̀. Ó kó o.

Hàkímù ọmọ wọn kò sí nílé. Ìdánwò àṣekágbá ló ń ṣe ní yunifásítì, kó sì tó parí, wọ́n ti sin òkú, wọ́n ti wó ilé. Ìwé ẹ̀rí tó tìtorí rẹ̀ dúró sọ́hùn-ún kò mú iṣẹ́ kankan wá. Lọ́dún 2006, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Adéyanjú ní Mòwé ló jókòó sí, ó ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé. Bí kò bá sí oníbàárà, a máa gbá géèmù ọkọ̀ òfurufú.

"Páílọ́ọ̀tì!" Adéyanjú ọ̀gá rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "O fò dé Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́, o tún ń wá ẹni tó máa fi ọ̀kadà gbé ẹ délé."

Nínú géèmù yẹn, yàtọ̀ sí títì, igbó ni gbogbo Ìbàfò. Àwọn tó ṣe é kò ka ẹnikẹ́ni sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n géèmù náà gbà kí èèyàn fi ilé àti ọ̀nà tirẹ̀ kún un. Sínárì ni wọ́n ń pe irú àfikún bẹ́ẹ̀. Hàkímù pinnu pé òun máa kọ́ ilé náà padà, kí ìyá òun fojú kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn ò ya fọ́tò rẹ̀ rí.

Ó ya ògiri lórí kọ̀ǹpútà, ó ya páànù tó ti dógùn-ún, ó ya fèrèsé onígi. Ó kó wọn sínú fódà kan, ó fi kún géèmù, ó sì fò dé Ìbàfò. Títì nìkan ló rí. Sínárì títì, tí ẹlòmíràn ṣe, ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Nígbà tó yá ló tó yé e pé fódà tó bá wà lókè níbi tí wọ́n tò sí ló ń bo èyí tó wà nísàlẹ̀. Ó fi máòsì gbé ilé bàbá rẹ̀ sókè. Ó rọrùn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n bá òun kọ sí ìjọba kí wọ́n tó wó ilé kò rí ẹni gbé e sókè.

Ó ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, Ròkíátù, ní Òkè-Àró, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí ìyá náà dé ṣọ́ọ̀bù, Adéyanjú dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ọmọ yín fẹ́ gbé yín fò lónìí."

"Kó yáa gbé mi dé Mẹ́kà, tó bá ti lè fò."

Hàkímù gbé ọkọ̀ náà wálẹ̀ díẹ̀. "Páànù wa rèé, Màámi."

Ìyá náà sún mọ́ gíláàsì kọ̀ǹpútà. Ó rẹ́rìn-ín. "Páànù tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kàn!" Ó tún wò ó. "Kànga dà? Àárò mi ńkọ́?"

"Wọn ò hàn látòkè, mà. Mi ò fi wọ́n sí i."

"Àwọn ni mo fi ń mọ ojú sàréè bàbá rẹ. Níbo ló wà?"

Hàkímù wo ẹ̀yìnkùlé. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ. "Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí, mà."

Ìka ìyá náà ń rìn kiri lójú gíláàsì, kò balẹ̀. "Èmi kì í ṣe ẹyẹ, Hàkímù. Ẹnu ọ̀nà ìdáná ni mo ti máa ń wò ó."

"Ẹ jẹ́ n ṣáà fi sàréè náà síbì kan, mà."

"Síbì kan?" Ó yíjú sí i. "Ká ní o wá lọ́jọ́ tá a sin ín ni, wàá mọ ibẹ̀."

Kò pariwo. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Adéyanjú, ó lọ dúró de mọ́tò.

Ọkọ̀ òfurufú náà ṣì ń yí ilé náà po. Kò síbi tó lè bà sí ní Ìbàfò. Hàkímù dá a dúró. Ó ṣí ibi tí àwọn fódà tò sí, ó fa ilé bàbá rẹ̀ padà sísàlẹ̀, títì sì bò ó. Adéyanjú ní oníbàárà ti dé, kó wá tẹ ìwé.