Tówẹ̀ẹ̀lì Tútù Lórí Ikùn Àbúrò

Ìyá Bẹ́líìtì ni àwọn awakọ̀ tírélà ń pè é, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa so bẹ́líìtì oníná mọ́ wọn níkùn, kó fi wọn ọ̀rá inú wọn. Iná kékeré tí ara kì í gbọ́ ló ń gba ikùn kọjá. Níbi tí omi bá wà, á lọ geere. Níbi tí ọ̀rá bá wà, á há. Bó bá ṣe ń há tó ni nọ́ńbà ṣe ń ga tó. Awakọ̀ tí tirẹ̀ bá wọ pupa, ilé iṣẹ́ á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é láìṣojúsàájú. Ojú páàdì mẹ́rin tí bẹ́líìtì fi ń kan awọ nìkan ló ń fi omi pa. Ìyókù ikùn, á nù ún gbẹ, torí bí awọ bá tutù, orí awọ ni iná máa gbà, ọ̀rá á sì ráyè sá pamọ́.

Àfi ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ tóun náà ń wa tírélà wọlé, ọmọ tó fẹ̀yìn pọ̀n. Ikùn ló kọ́kọ́ wọlé kí òun tó tẹ̀ lé e.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́, iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀?”

“Dùbúlẹ̀ jàre, alájẹkì! Ṣé èmi ni mo ní kí o máa jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé?”

Ẹnu ló fi bú u, inú rẹ̀ ti yọ́. Ó rẹ tówẹ̀ẹ̀lì sómi, ó fi pa gbogbo ikùn náà, kò nù ún. Nọ́ńbà bá jókòó jẹ́jẹ́ sójú àwọ̀ ewé. Àbúrò dì mọ́ ọn, ó ní, “Ẹ ò ní sunkún mi o!”

Hùn! Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án gangan, ọkàn àbúrò dáṣẹ́ sílẹ̀ nídìí sítíárì. Ó ráyè gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò pa ẹnikẹ́ni, òun nìkan ló kú. Dókítà ní ọ̀rá inú ti ń bá a jà tipẹ́, ó ní ṣé kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n ni?

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí Ìyá Bẹ́líìtì dà, ibojì ló já sí.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló wá ń tù ú nínú. Ó yọ ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọjọ́ náà sí nínú báàgì.

“Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má fẹkún para yín. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú wọ̀n ọ́n, ara rẹ̀ le nígbà yẹn. Mo ti ń yọ ọ́ lẹ́nu kó lọ rí dókítà. Nígbà tí mo rí nọ́ńbà yín ni mo tó fi í lọ́rùn sílẹ̀.”

Ìyá Bẹ́líìtì fẹ́ jẹ́wọ́. Ó wo ojú opó náà, ojú tó ṣì ń wò ó bí ìyá.

Ó ní, “O ṣeun, ìyàwó mi.”