Àwo Tí Wọ́n Yà Sọ́tọ̀ fún Mi

Oògùn wárápá ni mò ń lò, ṣùgbọ́n wárápá kò ṣe mí rí. Inú mi ni kì í gbọ́ràn. Á dùn títí n ò fi ní sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, á tún bàjẹ́ títí n ò fi ní lè wẹ̀. Oògùn méjì tí dókítà kọ́kọ́ fún mi kò ràn án. Orí burúkú kì í gbọ́ ọṣẹ. Ẹ̀kẹta yìí ló gbà. Dókítà ní àwọn tó ní wárápá ló sábà máa ń lò ó, ṣùgbọ́n ó ń mú irú inú tèmi náà dúró.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ àwa tálákà ni àfẹ́sọ́nà mi mú mi láti Lotto ní Mowe lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ifọ̀. Ìyá náà rí páálí oògùn nínú báàgì mi. Irú ẹ̀ gan-an ni ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tó ní wárápá ń lò. Ó bu oúnjẹ mi sínú àwo oníke kan, ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sídìí rẹ̀, kí itọ́ mi má baà kó ran ará ilé.

Kí ni ǹ bá sọ? "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe wárápá, orí mi ni"? Àfẹ́sọ́nà mi mọ òótọ́. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ọmọ mi, mi ò kórìíra ẹ o," ìyá náà wí. "Wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi, má lo oògùn kankan. Tó ò bá ti ṣubú, mo gbà."

Èmi òmùgọ̀, mo gbà.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, n ò ṣubú. Lọ́jọ́ karùn-ún, kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, mo ti gbálẹ̀, mo ti fọ aṣọ gbogbo ilé, mo sì ń kọrin.

"Ẹ wá wo ìyàwó!" ni ìyá náà ń ké sáwọn aládùúgbò. "Kì í tiẹ̀ rẹ̀ ẹ́!"

Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Ǹ bá ti sáré lo oògùn mi, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò yìn mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ keje pé, n ò ṣubú. Ìyá náà se ìrẹsì, ó ní àwo tánńganran tóun fi ń ṣàlejò lòun máa bu tèmi sí. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù: òfìfo. Láàárọ̀ ni mo ti kó àwo gbogbo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń fẹ̀rín pín wọn fáwọn tó ń kọjá. Àwo oníke mi nìkan ló kù.

Mo fẹ̀rín sọ fún un pé mo ti fi tọrẹ.

"Wárápá ì bá sàn," ló wí.

Inú àwo oníke yẹn náà ló bu ìrẹsì mi sí. Ọmọ rẹ̀ ò bá mi jẹun. Ó ti wà ní yàrá, ó ń di ẹrù mi.