Ẹsẹ̀ Ìyá Mi àti Búréèkì Ìjàpá

Ọkọ̀ bàbá mi kì í dúró. Ẹ̀bẹ̀ la máa ń bẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì tí gbogbo èèyàn ń pè ní ìjàpá ni mo ń wí. Ó rà á nígbà tó ṣì ń ṣe tíṣà, ó sì ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Bó bá fẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlá, láti ìdí igi àgbálùmọ̀ tó wà lókè ọ̀nà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ búréèkì: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọkọ̀ á máa yọ́ sọ̀kalẹ̀, bàbá mi á sì máa kí àwọn ará ilé ọ̀tún àti ti òsì: "Ẹ kú ìjókòó o! Àwọn ọmọ ńkọ́?" Gbogbo àdúgbò gbà pé kò sẹ́ni tó mọ èèyàn kí tó o. Bẹ́ẹ̀, bó fẹ́ bó kọ̀, kò lè ṣe kó má kí wọn.

Ọjọ́ ìkórè ọdún tó kọjá ni ẹ̀bẹ̀ kò wọlé. Ọkọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ó kọjá àwọn alàgbà tó ń juwọ́, ó lọ forí sọ òkìtì iṣu tí àwọn ìyá ìjọ kó jọ. Kò sẹ́ni tó fara pa, àfi iṣu. Ìyá mi sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ìró rẹ̀.

"Bàbá, mo bá yín wọ ọkọ̀ yìí kúrò nílé bàbá mi. N ò ní bá yín wọ̀ ọ́ dé ọ̀run."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀kadà ló ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú bàbá mi wá ń rí nǹkan: òun nínú ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ lórí ọ̀kadà, ọ̀kadà ń yà á sílẹ̀, gbogbo ìjọ ń wò. Wọn ò jà o. Ṣùgbọ́n àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì ń dùn ún. Mo mọ̀, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Bíbélì rẹ̀ jókòó síbẹ̀.

Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn ni mo wá búréèkì onídísìkì tòkunbọ̀ fún táyà iwájú méjèèjì, mo gbé e wálé. Bàbá mi ní búréèkì onídírọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ kò ṣàìsàn. Mẹkáníìkì tí mo pè fi sùúrù ṣàlàyé.

"Bàbá, dírọ́ọ̀mù dà bí ìkòkò tá a dé. Inú rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́; bó bá gbóná tàbí tó mu omi, ó di kẹ́ ẹ máa bẹ̀ ẹ́. Dísìkì yìí, gbangba ló wà bí àwo. Páàdì méjì ló máa fún un lọ́tùn-ún lósì."

"Bí ìgbà téèyàn di ọmọ alágídí mú létí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Èyí yé tíṣà lójú ẹsẹ̀. "Ó dáa, fi sí i."

Mẹkáníìkì ká rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ inú ọkọ̀ kí òróró má baà bà á jẹ́, ló bá pè wá. Níwájú àga ìyá mi, níbi tí kò sí búréèkì kankan, ihò kan wà nínú rọ́bà náà, ọ̀gangan ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ máa ń wà. Gbogbo ọdún tá a fi rò pé bàbá mi nìkan ló ń tẹ búréèkì, ìyá mi náà ń tẹ̀. Kò sọ pé ẹ̀rù ń ba òun rí. Orin ló máa ń kọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí pé n kò mọ̀.

Bàbá mi wo ihò náà títí. "Eku ni," ó ní. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí mẹkáníìkì pààrọ̀ rọ́bà náà.

Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìyá mi gbà láti wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo jókòó sẹ́yìn. A dé ìdí àgbálùmọ̀, bàbá mi tẹ búréèkì bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Gbà! Ọkọ̀ dúró lójú kan. Ìwé orin ìyá mi lọ bá gíláàsì, gèlè rẹ̀ bọ́ sójú. Obìnrin tó ń ta àgbálùmọ̀ sáré dìde: "Ẹ káàárọ̀, sà. Mélòó ni kí n kó?" Ojú ti bàbá mi, ó ra mẹ́wàá. A ṣí. Ẹsẹ̀ bàbá mi ṣe ẹ̀ẹ̀kejì fúnra rẹ̀: gbà! Iwájú ilé àwọn tó máa ń kí ni. Wọ́n rò pé ó wá kí wọn dáadáa lónìí, wọ́n gbé àga jáde.

Ìgbà tá a fi máa dé ṣọ́ọ̀ṣì, orin ìwọlé ti parí. Ọkọ̀ dúró síbi tó yẹ kó dúró. Ìyá mi ò sọ̀kalẹ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣì wà nínú ihò náà.

"Èmi náà tẹ̀ ẹ́ o," ó ní, bí ẹni ń jẹ́wọ́.

"Mo mọ̀," ni bàbá mi wí. "Ìwọ lò ń dá a dúró tipẹ́. Èmi kàn ń kí èèyàn ni."