Páànù Tí A Kò Tíì Gbàdúrà Sí

Ọdún kejì tí Bàbá Wándé fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà ìjọba ló wọ Ẹgbẹ́ Aṣèrànwọ́ ìjọ Aládùúrà wọn ní Àkánrán. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta tó yẹ kó máa na ẹsẹ̀ lábẹ́ igi, òòlù ló ń gbé kiri.

Lóṣù kẹrin ọdún 1994, ìjì ṣí òrùlé ilé mẹ́sàn-án lábúlé kan lẹ́yìn Àkánrán. Ti Hàjàrá, opó kan tó ń dáko àgbàdo, ló burú jù. Yàrá tó kó àpò irúgbìn rẹ̀ sí ti di gbangba.

“Ìyá Sàníù, ẹ fọkàn balẹ̀,” ni Bàbá Wándé wí fún un lọ́jọ́ Ajé. “Kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú, màá ti kan páànù yín.”

Páànù dé lóòótọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n tò ó sí, wọ́n da aṣọ funfun bò ó. Nínú ìjọ wọn, ohun ìtọrẹ kì í jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé Bàbá Àpọ́sítélì wọ́n omi àdúrà sí i, Bàbá Àpọ́sítélì sì wà nípàdé ní Iléṣà. Àrínọlá, akọ̀wé ẹgbẹ́, ní kí gbogbo ènìyàn ní sùúrù.

Sùúrù kẹ̀! Ṣé òjò ń ní sùúrù ni? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló rọ̀, ó tún rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Inú ń bí Bàbá Wándé burúkú, àmọ́ ẹni tó ti ń dọ̀bálẹ̀ fáwọn àgbà ìjọ láti ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ó kàn jókòó ti páànù, ó ń kùn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ká aṣọ funfun náà kúrò. Àrínọlá ta gìrì.

“Bàbá, a ò tíì gbàdúrà sí i o!”

“Tí Bàbá Àpọ́sítélì bá dé, kí wọ́n wá gbà á lókè òrùlé. Màá bá wọn di àkàbà mú.”

Ó kó páànù náà lọ sábúlé, ó kan án láìsinmi. Bó ti sọ̀kalẹ̀, Hàjàrá kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì gbé igbá kan síwájú rẹ̀. Àgbàdo irúgbìn ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti hù, ó ti ń rùn.

“Mùjíbátù àbúrò mi fẹ́ gbé àpò náà lọ sílé ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé,” ló wí jẹ́jẹ́. “Mo ní kó má ṣèyọnu, pé ẹ ní ẹ ń bọ̀ lọ́la.”

Bàbá Wándé wá ẹni tí yóò bínú sí, kò rí ẹlòmíràn mọ́ bí kò ṣe ara rẹ̀.